Ẹ Tan Tọ́ọ̀ṣì Sínú Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlówó Ìkòkò Tíì Yixing Mọ̀

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní London, mo ra ìkòkò tíì kékeré kan ní ọjà àlòkù. Pọ́n-ùn 40 ni mo san. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí awẹ́ obì tó ti gbẹ, ara rẹ̀ ń dán, òǹtẹ̀ àwọn ará Ṣáínà sì wà ní ìdí rẹ̀ gbàgàdà. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní ayé àwọn ọba Ming ni wọ́n ti mọ ọ́n, àti pé ọwọ́ Shi Dabin, gbajúmọ̀ amọ̀kòkò ìgbà náà, gan-an ló ti jáde. Mo gbé e délé, mo gbé e sínú abọ́, mo da omi gbígbóná lé e lórí. N kò tíì gbé kẹ́tùrù sílẹ̀ tí òórùn pólíìṣì bàtà fi gba gbogbo kíṣìnnì. Mo fi tíṣù funfun nù ún, tíṣù pọ́n bí ẹni pé epo ta sí i. Mo wá ṣí ọmọrí rẹ̀, mo wo ibi tí imú rẹ̀ ti so mọ́ ikùn láti inú, mo bá rí asẹ́ roboto kan tó yọ sínú bí ìdajì bọ́ọ̀lù kékeré. Láyé Ming, kò sẹ́ni tó ń ṣe irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ìkòkò tíì. Owó mi ti wọgbó.

Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ohun tó tú àṣírí ìkòkò yẹn ló wà níbẹ̀ lọ́jà. Ìdí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dojú dé wò, torí òǹtẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo wò kẹ́yìn. Òdìkejì ló yẹ kí n ṣe. Ètò tí mo ń tẹ̀ lé látìgbà náà ni mo kọ síbí: omi gbígbóná àti inú ṣáájú, amọ̀ àti ọjọ́ orí tẹ̀ lé e, òǹtẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn gbogbo wọn.

Ibi tí ìkòkò náà ti wá

Yixing wà ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, ní ìwọ̀-oòrùn adágún ńlá Taihu. Dingshu ni àdúgbò tí àwọn amọ̀kòkò pọ̀ sí jù níbẹ̀. Zisha ni wọ́n ń pe amọ̀ wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni yanrìn aláwọ̀ àlùkò. Òkúta ni zisha kó tó di amọ̀. Lábẹ́ òkè ni wọ́n ti ń wà á, òkè Huanglong Shan ló sì lókìkí jù. Wọ́n á tú u síta kí òjò àti oòrùn fọ́ ọ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á tún fi í pamọ́ kó gbó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti mọ ìkòkò. Èyí tó pọ́n dúdú ni zini; èyí tó pupa ni hongni, inú ẹbí rẹ̀ ni zhuni wà; èyí tó fẹ́ jọ àwọ̀ àgbàdo gbígbẹ ni duanni. Wọ́n ń sun ún dé nǹkan bí ìwọ̀n 1100 sí 1200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọn kì í sábà fi ohun dídán tó ń bẹ lára àwo tánganran kùn ún, nínú tàbí lóde.

Wọn kì í lo àgbá tó ń yí, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí àwọn amọ̀kòkò kan ń yí amọ̀ lórí rẹ̀. Amọ̀kòkò á fi òòlù igi lu amọ̀ di pẹlẹbẹ, á gé e gùn bí bẹ́líìtì, á ká a yípo, á lẹ etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni á máa fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, títí yóò fi yọ ikùn. Amọ̀ roboto tí wọ́n gé sọ́tọ̀ ni wọ́n fi ń dí ìdí àti èjìká rẹ̀. Àwọn ìyá amọ̀kòkò wa ní Dada, n'Ílọrin, náà kì í lo àgbá yíyí. Orí ìdí ìkòkò àgbà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni wọ́n ti ń lu amọ̀ tuntun. Ẹni tó bá ti jókòó tì wọ́n rí á mọ̀ pé ọwọ́ kì í ṣiṣẹ́ kó má fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ipasẹ̀ yẹn la ń wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí ẹ ń béèrè

“Ṣé ojúlówó ni?” Ìbéèrè mẹ́rin ló fara pamọ́ sínú ẹyọ kan yìí. Ṣé amọ̀ Yixing ni? Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n? Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára òǹtẹ̀ ló mọ ọ́n? Ṣé ó pẹ́ tó bí wọ́n ṣe wí? Ìkòkò kan lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ìkíní kó jẹ́ rárá sí mẹ́ta yòókù, kó sì tún jẹ́ ìkòkò gidi tí ẹ máa fi mu tíì dọjọ́ alẹ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ san owó ìkíní nìkan, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí ìkẹrin. Bó bá ní kí ẹ san owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fò.

Ìgbésẹ̀ kejì: omi gbígbóná

Lójú tèmi, bí ọlọ́jà bá gbà, inú ọjà náà ló yẹ kí ẹ ti ṣe èyí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tíì ní kẹ́tùrù nílẹ̀. Ẹ da omi gbígbóná sínú rẹ̀ àti sára rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìkòkò tuntun tó mọ́ máa ń rùn díẹ̀ bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ìkòkò àlòkù á rùn tíì. Òórùn pólíìṣì bàtà, ìda, epo tàbí kẹ́míkà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ rárá: wọ́n kùn ún kó lè dà bí arúgbó ni. Ẹ wo ojú omi inú rẹ̀ bóyá ọ̀rá léfòó, kí ẹ fi aṣọ funfun nu ara rẹ̀. Bí àwọ̀ bá ń bọ́ sára aṣọ, ẹ má fi ẹnu kan tíì inú rẹ̀.

Ẹ má fi èyí ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn o. Ojúlówó ìkòkò àtijọ́ lè bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò tó kan fẹ́ kó máa dán. Bákan náà, àwọn kan wà tí wọ́n fi òkúta dán lára tí wọ́n sì fi irin dè létí ẹnu àti imú, nítorí ọjà ilẹ̀ Siam (Thailand òde òní) ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Dídán tiwọn kì í bọ́ sí aṣọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tọ́ọ̀ṣì

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ pẹ́ jù. Iná fóònù yín tó. Ẹ ṣí ọmọrí, ẹ tan iná náà sínú ìkòkò ní ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè yọ. Ìta ìkòkò ni gbogbo ayédèrú máa ń tún ṣe, torí ìta ni oníbàárà ń wò. Inú ṣòro láti purọ́ nínú rẹ̀: ẹnu kéré, ọwọ́ kò wọlé dáadáa, ẹni tó ń mọ igba ìkòkò lóòjọ́ kò sì ní àkókò.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí etí amọ̀ méjì ti pàdé. Bí wọ́n bá ká amọ̀ pẹlẹbẹ yípo lóòótọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ojú ìlẹ̀pọ̀ kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìdí. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n so ọwọ́ ìkòkò mọ́ ni àwọn amọ̀kòkò sábà máa ń fi í sí, kó má baà hàn. Nígbà míì, ẹ kò ní rí i, ìka ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n: amọ̀ ibẹ̀ nípọn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀ tàbí kó rí wúruwùru lábẹ́ ìka. Ẹ wo igun tí ògiri ti pàdé ìdí. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti fi amọ̀ tútù dí àlàfo. Nínú ìdí náà, àwọn ilà tín-ín-rín lè wà tó tàn láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ìtànṣán oòrùn, níbi tí wọ́n ti fi irinṣẹ́ há a.

Bí ẹ bá rí òrùka tó ń lọ yípoyípo láti ìdí dé ọrùn, bí ìgbà tí omi ń yí nínú kòtò, àgbá yíyí ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe àṣà Yixing.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni amọ̀ olómi. Wọ́n á po amọ̀ títí yóò fi ṣàn bí ògì, wọ́n á fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ sodium silicate sí i kó lè ṣàn dáadáa, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi P.O.P. ṣe, irú P.O.P. tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé. P.O.P. á fa omi inú rẹ̀, amọ̀ á dì mọ́ ara mọ́ọ̀dù bí ẹ̀kọ ṣe ń dì mọ́ etí abọ́, wọ́n á da ìyókù nù. Òṣìṣẹ́ kan lè ṣe rẹpẹtẹ lóòjọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: ògiri rẹ̀ rí bákan náà yípo, kò sí ojú ìlẹ̀pọ̀, inú rẹ̀ ń jọ̀lọ̀ ó sì ń dán díẹ̀ bí ara ike. Inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìta. Bí òdòdó bá yọ síta lára ikùn ìkòkò, ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀ ní ojúkò rẹ̀. Bí ìka yín bá wọ kòtò, mọ́ọ̀dù ló bí i. Lára ìkòkò tí wọ́n fọwọ́ mọ, lílẹ̀ ni wọ́n lẹ òdòdó mọ́ ìta, inú rẹ̀ á tẹ́jú. Nígbà míì ẹ tún máa rí i pé imú rẹ̀ bá ikùn lọ ní ẹyọ kan ṣoṣo láìsí ibi ìlẹ̀pọ̀ kankan.

Láàárín méjèèjì ni ìkòkò àbọ̀-ọwọ́ wà. Wọ́n ṣì ń lu amọ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n ṣì ń ká a, àmọ́ inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń tì í kó gba ìrísí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ lẹ imú àti ọwọ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe jìbìtì. Ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò tó mọṣẹ́ ní Dingshu ló ń ṣe é, amọ̀ gidi ni wọ́n sì ń lò. Jìbìtì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tà á ní owó èyí tí wọ́n fi ọwọ́ nìkan mọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti mọ̀ pé a ń wá ojú ìlẹ̀pọ̀ àti ilà ìtànṣán, wọ́n á wá fi irinṣẹ́ fa ilà náà sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù. Ẹ wo ilà náà dáadáa: èyí tí iṣẹ́ bí kì í dọ́gba, ó jìn níbì kan, ó parẹ́ níbòmíràn. Èyí tí wọ́n fà fún ojú oníbàárà máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ bí ilà orí ìwé ọmọ iléèwé.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àbọ̀-ọwọ́ tó dára àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ nìkan mọ ṣòro láti yà sọ́tọ̀, àní fún àwọn ará ibẹ̀ pàápàá. Fọ́tò kò lè yà wọ́n rárá. Èmi kì í san owó ọwọ́-nìkan fún ìkòkò tí n kò mọ ẹni tó mọ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ara amọ̀

Ẹ gbé ìkòkò náà lọ sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ lo awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá bí ẹ bá ní in. Zisha gidi dà bí gàrí: hóró ńlá àti hóró kéékèèké jọ wà pọ̀, àwọ̀ wọn kò dọ́gba, òmíràn funfun, òmíràn pupa rúsúrúsú, èérún máíkà, òkúta kan tó máa ń dán, á sì máa kọ yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ níbi méjì-mẹ́ta. Amọ̀ olómi tó kún fún àwọ̀ dà bí èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkòkò zhuni yàtọ̀ díẹ̀: amọ̀ rẹ̀ kúnná, ó sì máa ń súnkì púpọ̀ nínú iná, nítorí náà ẹ lè rí ìhunjọ wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, pàápàá nítòsí imú àti ọwọ́, wọn kì í sì í sábà tóbi.

Àwọ̀ tó ń pariwo ni kí ẹ bẹ̀rù. Búlúù, àwọ̀ ewé tó ń tàn, pupa bí ata rodo. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ṣáínà, CCTV, gbé ètò kan jáde tó fi hàn bí àwọn kan ṣe ń kó amọ̀ lásán láti ibòmíràn, tí wọ́n ń po kẹ́míkà mọ́ ọn kó lè gba àwọ̀ zisha. Manganese àti cobalt wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ. Ọjà dàrú nígbà náà. Ìkòkò dúdú ṣòro díẹ̀ láti dá lẹ́jọ́: òmíràn jẹ́ àwọ̀ manganese, òmíràn sì jẹ́ amọ̀ tòótọ́ tí wọ́n sun níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá rí dúdú, mo máa ń padà sínú rẹ̀ lọ wo ipasẹ̀ ọwọ́.

Ìjọba ti dá wíwà amọ̀ dúró ní Huanglong Shan ní nǹkan bí ọdún 2005. Amọ̀ tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò, nítorí náà “amọ̀ Huanglong Shan” kì í ṣe irọ́ dandan. Àmọ́ ìgbà tí ọlọ́jà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín pé kànga nọ́mbà 4 tàbí nọ́mbà 5 (ihò tí wọ́n ti ń wa amọ̀) lamọ̀ yìí ti wá, ẹ kan máa mi orí. Ojú lásán kò lè ka nọ́mbà kànga lára ìkòkò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ orí

Bí wọn kò bá pè é ní àtijọ́, ẹ fo ibí. Bí wọ́n bá pè é ní àtijọ́, ìtàn tíì fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà yín. Láyé àwọn ọba Song, tó ṣáájú Ming, lẹ́búlẹ́bú tíì ni wọ́n ń lù pọ̀ mọ́ omi nínú abọ́. Wọn kì í rẹ ewé sínú ìkòkò. Ọdún 1391 ni ọba Hongwu ti ìdílé Ming fòfin de tíì tí wọ́n ń pò ní ìṣù gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀, ó ní ewé lásán ni kí wọ́n máa kó wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìkòkò tíì rí iṣẹ́ ṣe. Zisha tó lọ́jọ́ orí jù tí a lè fi déètì dè ni èyí tí wọ́n hú jáde nínú sàréè Wu Jing, ìwẹ̀fà ààfin kan, ní Nanjing. Ọdún 1533 ni wọ́n sin ín. Ọwọ́ ìkòkò náà wà lókè orí rẹ̀ bí ti korobá, àwọn ẹ̀kán ohun dídán sì ta sí i lára, torí inú ààrò kan náà ni wọ́n ti sun ún pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi ohun dídán kùn, láìsí ohun tó bò ó. Ẹni tó bá wá ń ta “zisha ayé Song”, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sí ẹsẹ̀ imú, nínú ikùn. Láyé àtijọ́, ihò kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá síbẹ̀. Nígbà tó yá ni ihò kéékèèké púpọ̀ dé. Asẹ́ roboto bíi bọ́ọ̀lù, bí èyí tó fi mí ṣẹ̀sín, kò tàn kálẹ̀ ní Yixing títí di nǹkan bí ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìkòkò fún ọjà Japan. Ihò kan kò sọ ìkòkò di àtijọ́, torí wọ́n ṣì ń ṣe é lónìí. Ṣùgbọ́n asẹ́ bọ́ọ̀lù ti sọ “ayé Ming” di irọ́ pátápátá.

Ẹ wá wo ibi tí ọwọ́ àti tábìlì máa ń kàn: etí ìdí, kókó orí ọmọrí, ṣóńṣó imú, abẹ́ ọwọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìlò ti jẹ ẹ́. Ìkòkò tí wọ́n fi kẹ́míkà sọ di arúgbó máa ń darúgbó níbi gbogbo lọ́gbọọgba, àní nínú kọ̀rọ̀ tí ìka kankan kò lè dé. Ẹ wo abẹ́ ọmọrí pẹ̀lú. Ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀ jọ wọ iná ni. Bí amọ̀ wọn kò bá jọra, ọ̀kan ti kú, wọ́n fẹ́ òmíràn fún èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: òǹtẹ̀

Ìdí ìkòkò, abẹ́ ọmọrí, abẹ́ ọwọ́: ibi mẹ́ta tí òǹtẹ̀ máa ń wà nìyẹn. Ẹ má kà á ná, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára amọ̀ tútù máa ń ní etí tó mú, amọ̀ á wú díẹ̀ yí i ká, ẹ̀gbẹ́ kan á sì jìn ju ìkejì. Òǹtẹ̀ tó wá látinú mọ́ọ̀dù á rí bìrìpẹ̀tẹ̀, bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kò nílò kí ẹ gbọ́ èdè Ṣáínà láti mọ èyí. Ọdún 1956 ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà tí wọ́n mú rọrùn rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ mú orúkọ Yixing fúnra rẹ̀: lẹ́tà kejì rẹ̀ lónìí, 兴, ilà 6 péré ni, ti àtijọ́, 興, ilà 16 ni, òkè rẹ̀ kún dí. Bí òǹtẹ̀ “ọgọ́rùn-ún ọdún méjì sẹ́yìn” bá ní 兴, ẹ gbé e sílẹ̀. Àmọ́ 興 kò fi nǹkan kan hàn, torí àwọn amọ̀kòkò òde òní ṣì ń gbẹ́ òǹtẹ̀ ní lẹ́tà àtijọ́. Bí ẹ bá rí CHINA ní lẹ́tà òyìnbó, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1890, tó ní kí gbogbo ọjà tó ń wọlé jẹ́ orúkọ ilẹ̀ tó ti wá, ló sábà máa ń fà á. Ìkòkò náà kò dàgbà ju ìyẹn lọ.

Ní ti orúkọ ńláńlá, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1987, wọ́n hú ìkòkò Shi Dabin kan jáde ní Zhangpu, ní Fujian, nínú sàréè Lu Weizhen tí wọ́n sin ní 1610. Orúkọ amọ̀kòkò náà wà ní ìdí rẹ̀, fífín ni wọ́n fín in sára amọ̀ bí ẹni kọ̀wé. Kì í ṣe òǹtẹ̀. Tèmi tí mo rà ní pọ́n-ùn 40 ní òǹtẹ̀ mèremère.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún díjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Shanghai láàárín ọdún 1930 sí 1949, àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ háyà àwọn ọ̀dọ́ amọ̀kòkò tó mọṣẹ́ jù ní Yixing pé kí wọ́n máa da iṣẹ́ àwọn baba ńlá kọ. Gu Jingzhou wà nínú wọn, Jiang Rong náà wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì di ọ̀gá àgbà lẹ́yìn náà, àwọn àdàkọ tí wọ́n ṣe nígbà èwe sì bá orúkọ àwọn àgbà àtijọ́ wọ ilé àwọn olùkójọ. Ẹ wo ayé: ọdún 2010, wọ́n lu ìkòkò kan tí Gu Jingzhou mọ ní 1948 ní gbàǹjo ní Beijing, ó lọ ní yuan 12,320,000. Òǹtẹ̀ tirẹ̀ náà ti wá di ohun tí gbogbo ayédèrú ń lò. Bí ẹ bá rí i lára ìkòkò pọ́n-ùn 60, ẹ ti mọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé ẹ̀rí

Káàdì tó ní fọ́tò amọ̀kòkò, nọ́mbà, òǹtẹ̀ pupa àti oyè rẹ̀. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ wọ́n, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì mọ ẹni tó ń san owó. Fọ́tò tí amọ̀kòkò ti gbé ìkòkò dání dára díẹ̀ ju káàdì lọ, bí kókó, imú àti àbàwọ́n ara ìkòkò inú fọ́tò bá bá ti ọwọ́ yín mu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ pé kí ọ̀gá tó lórúkọ tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sí ìkòkò tí ẹlòmíràn mọ. Ìwé yẹn kì í ṣe ayédèrú, òǹtẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, ọwọ́ nìkan ni kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá.

Àwọn ìdánwò tí kò dán nǹkan kan wò

Wọ́n á ní kí ẹ fi ọmọrí kan ara ìkòkò kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí iná ṣe pọ̀ tó àti irú amọ̀ ni ohùn ń sọ. Amọ̀ olómi tí wọ́n sun jinná náà ń dún gooro. Wọ́n á ní kí ẹ gbé e lé omi kó léfòó. Ohun tó bá fúyẹ́ tó sì dọ́gba á léfòó, àní ike pàápàá. Wọ́n á ní kí ẹ fi ìka dí ihò orí ọmọrí, bí omi bá dá lẹ́nu imú, ojúlówó ni. Ó dára kí omi dá, ó sì dára kí ẹnu, ṣóńṣó imú àti orí ọwọ́ wà lórí ìlà kan. Bí omi bútà kò bá jáde dáadáa, àlùwàlá á pẹ́. Iṣẹ́ tó mọ́ lèyí ń fi hàn, mọ́ọ̀dù sì lè ṣe iṣẹ́ tó mọ́ ju ọwọ́ lọ.

Kì í ṣe Yixing, kì í sì í ṣe ayédèrú

Ẹ má yára da ìkòkò pupa nù. Àwọn ará Chaozhou ní Guangdong ní tiwọn, àgbá yíyí ni wọ́n sì ń lò, nítorí náà òrùka inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní Tokoname, ní Japan, amọ̀kòkò ará Ṣáínà kan, Jin Shiheng, ló kọ́ wọn ní ọ̀nà Yixing ní 1878; púpọ̀ nínú tiwọn ní ọwọ́ tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìdí ṣíbí. Ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ra fún ìkòkò pupa Staffordshire: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Elers ti ń ṣe é níbẹ̀ láàárín ọdún 1690 sí 1699, àwọn tó sì tẹ̀ lé wọn máa ń tẹ òǹtẹ̀ tó jọ ti Ṣáínà tí kò ní ìtumọ̀ kankan sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn ní ọjà àlòkù, ó lè níye lórí ju ohun tí ẹ wá lọ.

Ojú ló ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní London, ẹ gun òkè pátápátá ní V&A, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, níbi tí wọ́n kó àwo amọ̀ gbogbo ayé jọ sí; ọ̀fẹ́ ni. Bí ìrìn àjò bá gbé yín dé Hong Kong, ẹ yà sí Flagstaff House, ilé ìkóhun-tíì-sí tí wọ́n ṣí ní 1984 pẹ̀lú àkójọ K. S. Lo. Ẹ fi wákàtí kan wo etí ìdí àti ẹsẹ̀ imú nìkan.

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti fẹ́ rà á, fọ́tò márùn-ún ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: inú ìkòkò lápá ọwọ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì; ẹsẹ̀ imú láti inú; etí ìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́; abẹ́ ọmọrí; òǹtẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọlọ́jà gidi á rojọ́ díẹ̀, á sì fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ fọ́tò ìwé ẹ̀rí ló tún fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa fèrèsé náà dé.